Ojú Tó Wà Nílẹ̀ ní Yàrá Kẹta

Àtàláátà, 22 oṣù kẹrin

Ìwọ ìwé yìí, jọ̀ọ́, má bínú sí ọwọ́ mi. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ó sì ti pẹ́ tí mo ti di bírò mú kẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu mi, ká má tíì wá sọ ti ọwọ́. Tí lẹ́tà kan bá wó lu èkejì, fojú fò ó. Ọkọ mi ló rà ẹ́ wá láti Olódò. Ó ní, "Rùká, ohun tí o ò bá lè sọ fún èèyàn, máa sọ ọ́ fún un." Ó mọ̀ pé ojú máa ń tì mí.

Ọ̀sẹ̀ keje rèé tí mo wọlé ọkọ. Kì í tiẹ̀ ṣe ilé. Yàrá tí Alhájì Sàníù ń kó oúnjẹ ẹja sí tẹ́lẹ̀ ni, létí adágún ní Aba Ìdí-Ọ̀sàn, ó sì ń rùn títí dòní. Nígbà tí ẹja Alhájì kú tán lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní àwọn ò sin ẹja mọ́, ọgbà ìgbádùn làwọn máa fi ibẹ̀ ṣe. Wọ́n gbẹ́ ojú omi láti adágún kan bọ́ sí èkejì, wọ́n sì kọ́ ilé gbọọrọ kan lé e lórí tí kò ní fèrèsé. Ọkọ̀ ojú omi ni àwọn èèyàn máa wọ̀ gba inú òkùnkùn yẹn kọjá, yàrá márùn-ún, wọ́n á máa wo Ogun Ìjàyè lọ́tùn-ún lósì. Ọkọ mi Yasir ló ń fi wáyà àti sìmẹ́ńtì mọ àwọn èèyàn inú rẹ̀. Kìnnìún àti ẹyẹ idì orí géètì àwọn olówó Alakia ló ń mọ tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ kejì Iléyá ni wọ́n fẹ́ ṣí i. Alhájì ti sọ fún un pé tí iṣẹ́ náà bá wu èèyàn, àwọn ò ní wá ẹlòmíràn mọ́, àwọn á sì kọ́ yàrá méjì fún wa nínú ọgbà.

Yàrá méjì, pẹ̀lú fèrèsé.

Ọkọ mi ní kí n yé pe òun ní "ẹ". Ẹnu mi ò tíì gbà á. Ṣùgbọ́n nínú ìwé yìí, "ó" ni màá máa kọ. Ìwé ò ní lọ sọ fún ìyá rẹ̀.

Jímọ̀, 25

Òjò rọ̀ láti ìdájí. Omi kún wọ yàrá kejì, ó wó jagunjagun méjì tí sìmẹ́ńtì wọn ò tíì gbẹ. Orí ọ̀kan yí lọ sínú omi. Ọkọ mi wọnú omi lọ gbé e, ó gbá a mọ́ àyà bí ọmọ jòjòló. Mo rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Máa rẹ́rìn-ín lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe etí rẹ̀."

Àtìní, 28

Sístà Olúfúnmi dé. Òun ló ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ìjọ Kérúbù ojú ọ̀nà Olódò, òun náà sì ni Alhájì gbé orin àti gbogbo ìró inú ilé òkùnkùn lé lọ́wọ́. Ó gbé ìbẹ́pẹ wá, kún àpò ìrẹsì kan, ó ní ìró àdá lára èèyàn la fẹ́ gbà sílẹ̀.

"Ìyàwó, gbé àdá. Gé e."

Mo gé e.

"Àh àh, ṣé aláìsàn lò ń gé e fún ni? Ẹni tó o kórìíra ni kó o fojú inú wò."

Mo ní mi ò kórìíra ẹnì kankan.

"Ìyá ọkọ ńkọ́?"

Ẹ̀rín pa mí débi pé àdá bọ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo tún gbé e, mo là á mọ́lẹ̀ gan-an ni. Omi rẹ̀ ta sí mi lójú. Mo gé gbogbo rẹ̀ tán, apá ń dùn mí, mo sì ń wò yíká bóyá ó ṣẹ́ ku òmíràn. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo gbádùn ẹ̀.

Ó tún ṣàlàyé orin fún mi bí mo ṣe ń kó èèpo. Ó ní orin kan ṣoṣo ni yàrá márààrùn-ún máa kọ. Ti àkọ́kọ́, agogo àti àtẹ́wọ́. Ti kejì, fèrè. Ìró ìbọn àti àdá wà nínú ti kẹta, ṣùgbọ́n orin kan náà ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ní tí yàrá kan bá ń kọ tirẹ̀ tí èkejì sì ń kọ nǹkan mìíràn, orin méjèèjì á máa jà lórí omi, orí á wá máa fọ́ àwọn tó wà nínú ọkọ̀. "Ìjà tí wọ́n máa fojú rí là ń tà, a kì í ta ìjà etí."

Jímọ̀, 2 oṣù karùn-ún

Ọkọ mi tú àṣírí mi. Ó sọ fún Sístà pé mo sun ẹkún ìyàwó lọ́jọ́ tí wọ́n gbé mi kúrò ní Ìjàyè. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ti lọ́kọ, kò sí èyí tó sun ún nínú wọn, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ kọrin ni wọ́n pè. Ìyá ìyá mi ló ní tí mi ò bá sun ún, mi ò kúrò nílé wọn.

Sístà ní kí n sun ún fún yàrá kẹta, níbi tí wọ́n ti ń fa àwọn ọmọbìnrin lọ láàárín òkú. Mo ní mi ò lè ṣe é lójú èèyàn. Wọ́n fi kúbùsù bò mí mọ́lẹ̀, èmi àti máìkì, bíi adìyẹ tó ń sàba. Òógùn bò mí. Mo sun ún báyìí:

Ìyá mi, ẹ bá mi di ẹrù, ẹ má dì í le jù,
kí n lè máa tú u wò lọ́nà.
Bàbá mi, ẹ bá mi pa ilẹ̀kùn dé, ẹ má tì í pa,
bóyá ẹsẹ̀ mi á ṣì yà.
Ọ̀nà jìn, mi ò mọ ẹni tó ń lọ níwájú mi.

Mo wá sun èyí tó gbẹ̀yìn, tí wọ́n máa ń sun lẹ́nu ọ̀nà ọkọ: Mo dé o, ará ilé, ẹ ṣílẹ̀kùn fún àlejò tó fẹ́ di onílé.

Sístà gé ìyẹn kúrò. Ó ní ọkọ̀ lè pẹ́ ní yàrá kẹta, ó sì lè yá, nítorí náà ẹkún gbọ́dọ̀ máa yí po, kí ìparí rẹ̀ máa bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀.

Mo ní, "Ìyẹn ni pé ìyàwó yẹn ò ní dé ilé ọkọ láé?"

"Kò ní dé. Ṣebí ogun ni."

Àtàláátà, 6

Ọkọ mi ti mọ òkú mọ́kànlá sí ilẹ̀ yàrá kẹta, ṣùgbọ́n ojú wọn ò sọ nǹkan kan. Ó ní gbogbo wọn dà bí ọmọ Alakia tó sùn. Ó fẹ́ ilà ojú, ti àtijọ́, tí a kì í rí mọ́. Ó ní ṣé mo mọ ọ̀kan.

Mo mọ̀ ọ́n. Ìyá Àgbà Mùjíbátù tó ń ta ọsàn ní ìkóríta aba ni mo ti rí i. Láti ọ̀sẹ̀ tí mo dé ni wọ́n ti máa ń bó ọsàn fún mi láìgba kọ́bọ̀, "ìyàwó mi" ni wọ́n ń pè mí, ọjọ́ kan tiẹ̀ wà tí wọ́n dì mí ní irun. Mo jókòó sáàárín orúnkún wọn, mo sì gbójú sókè wo ojú wọn pẹ́. Àbàjà mẹ́rin ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n ní ti òsì, ilà kan gba àárín àwọn mẹ́rin yẹn wá sísàlẹ̀ bí ìgbà tí omijé bá ń ṣàn. Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ó rẹwà.

Mo fi bírò yìí yà á sẹ́yìn páálí sìmẹ́ńtì. Ọkọ mi wò ó, ó ní, "Rùká! Ọwọ́ ẹ mọ iṣẹ́ o." Ó ti ń fi ìṣó fa ilà náà sí wọn lójú báyìí. Mọ́kànlá ni.

Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun.

Àbámẹ́ta, 10

Lẹ́tà á wó lura wọn lónìí, fojú fò ó.

Alhájì ní ó yẹ kí àwọn tó ta ilẹ̀ fún àwọn kọ́kọ́ wo ọkọ̀ náà kí aráyé tó wò ó. Àpọ́nlé ni wọ́n fẹ́ ṣe. Ọkùnrin méje ló wá láti ilé onílẹ̀. Múyì ló ṣáájú wọn, ẹni tí gbogbo ọmọkùnrin aba ń bẹ̀rù. Ìgbà tí wọ́n ń wọ ọkọ̀ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ tí ẹnì kan ń bi í pé, "Ìyá Àgbà yín ò wá ni?", tó sì dáhùn pé, "Ọsàn ni wọ́n ń tà."

Ṣé ìyá wọn ni Ìyá Àgbà tèmi? Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Èmi àti ọkọ mi dúró sórí pákó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Yàrá àkọ́kọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìkejì, wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n dé ìkẹta, ìbọn dún, àdá dún, ohùn mi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Múyì ní, "Ẹ tan iná."

Sístà rò pé ó fẹ́ yà á sí fóònù. Ó tan iná.

Múyì bọ́ sínú omi pẹ̀lú bàtà rẹ̀. Ó fi ìka tọ ojú òkú kan, láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún dé ti òsì, ó dé ibi ilà tó ń wá sísàlẹ̀. Ó lọ sọ́dọ̀ èkejì. Ó kà wọ́n tán.

"Mọ́kànlá. Kò sí ilé mìíràn tó ń kọ ilà yìí láyé, ilé wa nìkan ni. Ẹnì kan ṣoṣo tó kù tó kọ ọ́ sì wà láàyè, ìkóríta ló jókòó sí. Ẹ̀yin wá tẹ́ òkú rẹ̀ mọ́kànlá sílẹ̀!"

Alhájì ní, "Múyì ọmọ mi, fara balẹ̀..." Múyì gbá wọn létí, fìlà wọn fò sínú omi. Mi ò rí i rí kí ọmọdé gbá àgbà létí. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ gbé òkúta. Wọ́n fọ́ àwọn òkú náà ní orí, wọ́n fọ́ wọn ní àyà, wáyà yọ jáde bí ìfun. Wọ́n mú ọkọ mi, wọ́n ti orí rẹ̀ bọ omi. "Mu ún! Ilẹ̀ wa lo ti ń jẹ, mu omi rẹ̀ náà!" Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìgbà kẹta ó pẹ́ kí wọ́n tó yọ ọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dẹ́kun jíjà.

Ohùn mi ń sunkún lórí sípíkà ní gbogbo ìgbà yẹn, ó ń yí po, ó ń yí po, kò sẹ́ni tó rántí pa á. Èmi tí mo dúró sórí pákó, mi ò lè pariwo.

Àlàádì, 11

Ó wà láàyè. Ó ń bì. Imú rẹ̀ ti wú.

Ó ní, "Ta ló sọ ilà yẹn fún wa?" Ó gbàgbé ni. Mo ní mi ò mọ̀.

Àlàrùbá, 14

Ibà dá Ìyá Àgbà wó. Àwọn kan ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ni wọn ò ti jẹun mọ́. Ìkóríta ṣófo, ẹní ọsàn wọn ṣì wà níbẹ̀, òjò ń pa á.

Múyì ránṣẹ́ sí ọkọ mi: tí ìyá àwọn bá kú, ibi tí ọkọ mi tẹ́ ìyá náà sí ní yàrá kẹta ni òun máa tẹ́ ọkọ mi náà sí, wọ́n á sì tú omi bò ó.

Mo ní ká sá lọ sí Ìjàyè. Ó ní, "Tí mo bá sá, mo gbà pé mo mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, màá tún un ṣe." Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ha ilà náà kúrò lójú àwọn tó kù.

Mo fẹ́ sọ fún un. Mo la ẹnu, mo béèrè bóyá ó fẹ́ omi.

Àbámẹ́ta, 17

Lẹ́yìn ìrun Àsárì ni wọ́n dé, márùn-ún. Ọkọ mi wà lórí orúnkún rẹ̀ ní yàrá kẹta, ó ń ha ilà. Wọ́n rí ìṣó lọ́wọ́ rẹ̀ lójú òkú. Wọ́n rò pé òmíràn ló tún ń kọ.

Ó ń pariwo, "Mò ń pa á rẹ́ ni! Mò ń pa á rẹ́ ni!" Wọ́n ti di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ orí sìmẹ́ńtì. Múyì gbé irin.

Kò dún bí ìbẹ́pẹ. Ó dún bí ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ́ igi ẹ̀gẹ́ gbígbẹ. Ó gbé irin lẹ́ẹ̀kejì.

Mo gbọ́ tí ẹnì kan kígbe "Yasir!", orúkọ rẹ̀ lásán, èmi sì ni. Àjẹ̀ ọkọ̀ wà lọ́wọ́ mi. Mi ò mọ ìgbà tí mo mú un. Mo là á mọ́ Múyì lórí bí Sístà ṣe kọ́ mi, bí ẹni tí mo kórìíra, mo tún là á, ẹ̀jẹ̀ sì bò ó lójú, ó jókòó sínú omi, omi di pupa yí i ká. Mo tún gbé e sókè. Alhájì ló gbá mi mú láti ẹ̀yìn. Wọ́n ní mo gé wọn jẹ. Mi ò rántí.

Wọ́n gbé Múyì lọ. Bí wọ́n ṣe ń gbé e, ó ń wò mí láti inú ẹ̀jẹ̀, ó ní, "Ìyàwó tí kì í sọ̀rọ̀. Ṣé àjẹ̀ ni wọ́n fún ẹ kó o tó kúrò nílé bàbá ẹ?"

Àlàádì, 18

Bàbá tó ń to eegun ní Olódò ti tò ó. Ọrùn ọwọ́, ibi méjì. Wọ́n dì í mọ́ igi oparun. Mo bi wọ́n bóyá ó máa tún lè di tíróòlù mú. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ máa dúpẹ́ pé ọwọ́ ṣì wà lára rẹ̀."

Àlàmísì, 22

Mo sọ fún un.

Ó ń fi ọwọ́ òsì jẹ ẹ̀kọ. Mo kúnlẹ̀, mo ní èmi ni mo ya ilà náà, mo ní Ìyá Àgbà ni mo ti wò ó, nígbà tí wọ́n ń dì mí ní irun, mi ò béèrè lọ́wọ́ wọn, mi ò sì mọ̀ pé ilé kan ṣoṣo ló ń kọ ọ́. Ó gbé ẹ̀kọ náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mo rántí láti ọjọ́ kejì."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Kí n sọ ọ́ fún Múyì kó wá ṣẹ́ ọwọ́ tìrẹ? Dákẹ́. Tẹ́nikẹ́ni bá bi ẹ́, èmi ni."

Mo wo ọwọ́ yẹn. Ó ti dúdú dé ìka.

Tí Ìyá Àgbà bá kú, wọ́n á pa á fún ohun tí mo ṣe. Mi ò ní dákẹ́.

Jímọ̀, 23

Nígbà tí àwọn ọkùnrin wà ní mọ́ṣáláṣí ni mo lọ sílé Ìyá Àgbà. Múyì nìkan ni kò lọ. Ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà yàrá Ìyá Àgbà, aṣọ funfun wà lórí rẹ̀ níbi tí mo là, àdá wà lórí itan rẹ̀.

"Alájẹ̀, kí lo gbàgbé síbí?"

Mo ní mo fẹ́ rí màmá. Ó ní kí n sọ ọ́ fún òun. Mo ní, "Èmi ni mo ya ilà yẹn. Ọkọ mi ò mọ màmá rí. Èmi ni." Ohùn mi kò gbọ̀n. Ó yà mí lẹ́nu.

Ó dìde. Ó gbé àdá náà lé mi lọ́rùn, níbi tí iṣan ti ń lù. Ó tutù. Mo rò ó pé kò ní dún bí ìbẹ́pẹ.

Ìyá Àgbà ní láti inú yàrá, "Múyì, ta nìyẹn?"

"Ẹni tó pa yín ni."

"Jẹ́ kó wọlé. Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ bi ẹni tó pa mí ní ìbéèrè."

Wọ́n ti rù, ojú wọn ti kó wọnú, ilà náà wá hàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo dojú bolẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, títí dórí irun dídì. Wọ́n ní, "Kí ló dé tó o fi yan tèmi?" Mo ní ó rẹwà lójú mi ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì gbé wọn. Wọ́n ní láti ogójì ọdún, ẹnì kan ò sọ ọ́ fún àwọn. Wọ́n wá dáwọ́ ẹ̀rín dúró.

"Gbé mi lọ. Mo fẹ́ fojú ara mi rí òkú mi."

Àbámẹ́ta, 24

Múyì pọ̀n wọ́n wá. Wọ́n wọ ọkọ̀, èmi wà lórí pákó pẹ̀lú Alhájì, Sístà àti ọkọ mi. Ní yàrá kẹta, àwọn òkú tí wọ́n ti fọ́ ṣì wà nílẹ̀, àwọn tí ọkọ mi ti ha lójú pẹ̀lú. Ìbọn dún. Ẹkún mi bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Àgbà ní kí wọ́n dá ọkọ̀ dúró.

"Alhájì, ta ló sọ fún yín pé a kú ní Ìjàyè?"

Alhájì ní, "Màmá, ẹ forí jì wá, àṣìṣe..."

"Ojú mi tí ẹ fi síbẹ̀ kọ́ ló dùn mí. Ibi tí ẹ fi sí ni. Bàbá bàbá mi wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òòró ló wà. Lọ́dọ̀ àwọn ará Ìbàdàn tó dáná sun ìlú náà ló wà. Àdá ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ló fà jáde nínú iná yẹn, òun ló bí bàbá mi. Bàbá mi ní títí ìyá òun fi kú, tí òjò bá ti ń rọ̀, á jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, á máa sunkún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó ń wí." Wọ́n gbọ́ ẹkún náà títí ó fi yí po lẹ́ẹ̀mejì. "Ta ló ń sun èyí?"

Gbogbo wọn wò mí. Mo wo ilẹ̀.

Wọ́n ní, "Ẹ gbé mi dìde. Ẹ fi ilà mi sójú ẹni tó dúró, ẹ fi àdá sí i lọ́wọ́, kí ọmọbìnrin yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì. Kí ẹ̀jẹ̀ wà lára àdá náà. Ẹ má wẹ̀ ẹ́ mọ́. A ò mọ́."

Múyì ní, "Ìyá Àgbà, kí wọ́n máa pè wá ní apànìyàn?"

"Ìwọ tó o ṣẹ́ ọwọ́ ọlọ́wọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, kí ni wọ́n ń pè ẹ́?"

Alhájì wá béèrè pé ojú ta ni yóò wá wà nílẹ̀, nítorí òkú gbọ́dọ̀ lójú. Mo gbọ́ ara mi tí mo ní, "Tèmi. Ará Ìjàyè ni mí."

Ìyá Àgbà na ọwọ́ láti inú ọkọ̀, wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi tí kò nílà. Wọ́n ní, "Ẹkún yẹn, ṣé kò ní dé ibì kankan ni?"

Sístà ní kò ní dé, bí òun ṣe ṣe é nìyẹn. Wọ́n ní kó tún un ṣe.

Àtàláátà, 27

Ọkọ mi ń sọ, èmi ń ṣe. Ó fi òróró pa mí lójú, ó ní kí n dùbúlẹ̀, ó fi igi ewé ìbẹ́pẹ méjì sí mi nímú kí n lè máa mí, ó wá ń fi ọwọ́ òsì da pí-ó-pí, ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń po láti fi mọ àjà ilé, lé mi lójú. Ó gbóná, ó wúwo, òkùnkùn ṣú. Mo gbọ́ tó ń sọ láti òkè réré pé, "Má rẹ́rìn-ín o, òkú ni ẹ́."

Nínú ojú kan yẹn ni a ti máa mọ mọ́kànlá.

Àtìní, 2 oṣù kẹfà

Òjò ò dá fún ọjọ́ mẹ́ta. Àgbò ti ń ké káàkiri aba. Mo ti fi ọwọ́ ara mi mọ mẹ́jọ. Mo ṣí ẹnu ọ̀kan díẹ̀. Ọkọ mi ní, "Kí ló ń sọ?" Mo ní, "Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ti jẹun." Ó ní, "O tún pè mí ní ẹ."

Múyì ru àpò sìmẹ́ńtì mẹ́wàá wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sọ wọ́n kalẹ̀, ó lọ. Kò kí wa. Sístà ti tún ìró àdá ṣe. Mo sọ fún un pé igi ẹ̀gẹ́ gbígbẹ ni kó fi ṣẹ́ eegun. Kò bi mí bí mo ṣe mọ̀.

Àlàrùbá, 4

Wọ́n tú ọwọ́ ọkọ mi wò. Àtàǹpàkò mì. Ìka kejì mì. Àwọn tó kù ò mì. Ó wò wọ́n, ó gbá ògiri pẹ̀lú ọwọ́ tó dára, ẹ̀jẹ̀ jáde. Mo di èyí náà fún un.

Lẹ́yìn náà ni mo tún wọ abẹ́ kúbùsù, mo sun gbólóhùn tó gbẹ̀yìn. Mo dé o, ará ilé. Yàrá karùn-ún ni Sístà máa fi sí, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, kò ní yí po.

Àbámẹ́ta, 7. Ọjọ́ kejì Iléyá

Ẹ̀yìn ilé ẹ̀rọ omi ni mo sá pa mọ́ sí tí mo ti ń kọ èyí. Èrò pọ̀ bí eṣú. Wọ́n wá láti Olódò, láti Alakia, àwọn kan tiẹ̀ gba ọkọ̀ láti Ìjàyè. Mo ń gbọ́ wọn látìbí: wọ́n á rẹ́rìn-ín ní yàrá àkọ́kọ́, wọ́n á pariwo ní ìkẹta, lẹ́yìn ìyẹn gbogbo wọn á dákẹ́. Gbogbo ọkọ̀ ló ń dákẹ́ níbẹ̀. Alhájì ti fi han ọkọ mi pé ibi tí igi máńgòrò wà ni yàrá wa méjèèjì máa wà. Ọkọ mi na ọwọ́ ọ̀tún tí a dì náà, ó ń fi ìka méjì tọ́ka ibi tí fèrèsé máa wà.

Ìyá Àgbà ló wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n ní àwọn tún fẹ́ wọ̀ ọ́. Wọ́n ti wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Èmi nìkan ni kò tíì wọ̀ ọ́. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ni mò ń bẹ̀rù, èmi ni mo fi ọwọ́ mi kùn ún. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni kí ọkọ̀ dé yàrá kẹta, kí n rí ara mi nílẹ̀ lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, kí n gbọ́ ara mi tí mò ń sunkún lọ lọ́wọ́ ẹni tó pa mí, kí n tó dé ibi ìmọ́lẹ̀ tí mo ti máa sọ pé

Wọ́n ń pè mí. Ìyá Àgbà ni. Wọ́n ní àyè kan ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn, àwọn ò sì ní jẹ́ kí ẹlòmíràn jókòó síbẹ̀. Múyì ló di okùn ọkọ̀ mú, ó ń pariwo, "Alájẹ̀! Ṣé ká máa lọ láìsí ẹ ni?" Mo ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́